Níbo Ni Wọ́n Gbé E Lọ? Ìwé Orúkọ Orí Ayélujára àti Ìtàn Ìdílé ní Ilẹ̀ Ìyàgbà

Àwa ará ilẹ̀ wa a máa kí ara wa pé "Òkun o", ìkíni yìí ni wọ́n sì fi ń pe gbogbo wa lápapọ̀ lónìí: Ìyàgbà, Owé, Bùnú, Ìjùmú àti Ọ̀wọ́rọ̀. Ìkíni náà ni mo fi ṣíde ọ̀rọ̀ mi, nítorí pé ọ̀rọ̀ ilé wa ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ní Makutu, ní Ìsánlú, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Yàgbà ní Ìpínlẹ̀ Kógí, mo ní ìyá àgbà kan tí ó jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Ọjọ́ orí wọn ti súnmọ́ àádọ́rùn-ún ọdún, ṣùgbọ́n iyè wọn ṣì pé. Nígbà tí mo lọ kí wọn nílé ní àkókò ìsinmi kan, wọ́n rí i tí mò ń tẹ ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá mi, wọ́n sì bi mí pé, "Ìwọ tí o mọ̀wé, wọ́n ní kò sí ohun tí kò sí nínú nǹkan yìí mọ́. Ó dáa, bá mi wá ẹ̀gbọ́n ìyá bàbá wa. Níbo ni wọ́n gbé e lọ?"

Ìtàn tí wọ́n sọ fún mi kò gùn. Ìyá tí ó bí bàbá wọn jẹ́ ọmọdébìnrin nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin Tápà ya bo àwọn ènìyàn ní oko. Ọmọ náà sá wọ inú igbó, ó sì fara pamọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kò yára tó bẹ́ẹ̀, wọ́n sì mú un lọ. Láti ọjọ́ náà ni ilé kò ti gbúròó rẹ̀ mọ́. Títí tí ìyá àgbà yìí fi di arúgbó, bí ó bá ń dá wà, a máa pe orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Orúkọ náà kúrú, sílébù mẹ́ta péré ni. N kò ní kọ ọ́ síhìn-ín, nítorí pé ilé kò tí ì fún mi láṣẹ.

Mo ṣèlérí fún wọn pé n ó wá a. Ohun tí mo rí àti ohun tí n kò rí nínú ìwákiri náà ni mo fẹ́ fi kọ́ ara mi àti ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí lẹ́kọ̀ọ́, nítorí mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín náà ni ẹ ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ nílé.

Ìwé orúkọ tí ó ti bọ́ síta

Kí a tó mọ ibi tí a ó ti wá ènìyàn, ó yẹ kí a mọ ohun tí ó wà. Ní 1807 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin pé kí àwọn ará ìlú wọn jáwọ́ nínú òwò ẹrú. Láti 1808 lọ, ọkọ̀ ogun wọn bẹ̀rẹ̀ sí mú àwọn ọkọ̀ tí ó ń kó ẹrú ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọ́n sì ń kó àwọn tí wọ́n bá gbà sílẹ̀ lọ sí Freetown ní ilẹ̀ Sàró. Nǹkan bí 99,000 ènìyàn ni wọ́n kó gúnlẹ̀ síbẹ̀ láàárín nǹkan bí ọdún márùndínlọ́gọ́ta. Bí ọkọ̀ kan bá gúnlẹ̀, akọ̀wé a jókòó ti tábìlì rẹ̀, ògbufọ̀ a dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọn a sì máa pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Akọ̀wé a kọ nọ́ńbà, orúkọ, akọ tàbí abo, ọjọ́ orí bí ó ti fojú díwọ̀n rẹ̀, gíga, àti nígbà mìíràn ìlà tàbí àpá tí ó wà lára ẹni náà.

Àwọn ìwé ńláńlá wọ̀nyẹn wà ní ilé ìkówèésí-pamọ́ ìjọba Sàró, ní ọgbà Fourah Bay College. Fún ìgbà pípẹ́, ẹni tí ó bá fẹ́ kà wọ́n ní láti rìnrìn àjò lọ síbẹ̀. Ètò kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ilé ìkàwé British Library ní 2004 láti gba àwọn ìwé tí ó wà nínú ewu là ni ó ṣe ìrànwọ́ tí wọ́n fi ya àwòrán wọn, tí wọ́n sì gbé wọn sórí ayélujára. Yàtọ̀ sí èyí, ìkànnì SlaveVoyages, tí ó bọ́ sórí ayélujára ní 2008, ní àkọsílẹ̀ ìrìn àjò ọkọ̀ ẹrú tí ó lé ní 36,000. Àkójọ orúkọ kan tún wà tí wọ́n ṣe láti inú ìwé ilé ẹjọ́ Freetown àti ti Havana ní ilẹ̀ Kúbà: orúkọ 91,491 ni ó wà nínú rẹ̀, orúkọ Áfíríkà, kì í ṣe John tàbí Mary tí wọ́n sọ wọ́n lẹ́yìn náà. Ẹnikẹ́ni lè jókòó sílé rẹ̀ ní Ìsánlú tàbí ní London kí ó sì kà wọ́n láìsan kọ́bọ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ ro ohun tí èyí já sí. Nínú ìwé àwọn olóko ní Amẹ́ríkà àti erékùṣù Karibíà, nọ́ńbà tàbí orúkọ òyìnbó ni ọ̀pọ̀ àwọn baba ńlá àwọn ará ibẹ̀ ń jẹ́. Ṣùgbọ́n nínú ìwé Freetown, ẹni náà fi ẹnu ara rẹ̀ dárúkọ tí ìyá rẹ̀ pè é. Orúkọ Yorùbá sì máa ń sọ̀rọ̀. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Nítorí náà, bí a bá rí orúkọ, ó yẹ kí a lè rí ilé.

Ohùn Ìyàgbà ní Freetown

Ṣé àwọn ará ilẹ̀ wa wà lára àwọn tí wọ́n kó dé ibẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀rí sì wà. Ní 1847, ará Jámánì kan tí ń jẹ́ Sigismund Koelle, òjíṣẹ́ ìjọ CMS, dé Freetown láti wá kọ́ni ní Fourah Bay. Ó rí i pé ọ̀pọ̀ èdè Áfíríkà ni ó ti pàdé ní ìlú kan ṣoṣo yìí. Ó ń pe àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń béèrè nǹkan bí 300 ọ̀rọ̀ àti gbólóhùn lọ́wọ́ wọn: kí ni ẹ ń pe orí, kí ni ẹ ń pe iná, kí ni ẹ ń pe ìyá. Ìwé rẹ̀, Polyglotta Africana, jáde ní London ní 1854. Èdè tí ó wà nínú rẹ̀ lé ní 100 dáadáa.

Koelle kó àwọn ẹ̀ka èdè wa jọ sábẹ́ orúkọ "Aku". Orúkọ yìí ni wọ́n ń pe àwọn Yorùbá ní Sàró, láti inú ìkíni wa gan-an: "Ẹ kú". Ẹ wo bí ìtàn ti ń tún ara rẹ̀ sọ: ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn àjèjì fi ìkíni sọ wá lórúkọ, "Aku" ní Freetown, "Òkun" ní ilẹ̀ Kàbà. Lára àwọn Aku yìí, Koelle kọ Yagba, ó kọ Dsumu, ó kọ Oworo. Ẹni tí ó bá mọ èdè yóò rí i lójúkan náà pé Ìyàgbà, Ìjùmú àti Ọ̀wọ́rọ̀ ni. Nítorí náà, ó kéré tán, nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ń súnmọ́ ìdajì rẹ̀, ọmọ Ìyàgbà kan jókòó níwájú òyìnbó ní Freetown, ó ń ka ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ fún un. Ìwé náà wà lórí ayélujára lónìí ní ìkànnì Internet Archive. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka òpó tí ọ̀rọ̀ Ìyàgbà wà nínú rẹ̀, ara mi bù máṣọ. Ó dà bí ẹni pé ẹnì kan ń pè mí láti òdìkejì odò.

Etí akọ̀wé kì í ṣe etí ìyá

Ibí yìí ni iṣẹ́ onímọ̀ èdè ti wúlò. Ẹni tí ó bá tẹ orúkọ ilé rẹ̀ sínú àpótí ìwákiri bí a ti ń kọ ọ́ lónìí, ó ṣeé ṣe kí ó má rí ohunkóhun. Kò sí àkọtọ́ Yorùbá nígbà tí wọ́n kọ ọ̀pọ̀ ìwé yẹn. Akọ̀wé kọ ohun tí etí rẹ̀ gbọ́, etí Gẹ̀ẹ́sì sì ni.

Ẹ jẹ́ kí a fi orúkọ tí gbogbo wa mọ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Kò sí ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ fún akọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí ìyàtọ̀ láàárín "o" àti "ọ" fún un. Ìró "gb" kò sí ní ẹnu rẹ̀, "b" nìkan ni ó lè gbọ́. Ìró "p" tiwa, tí a ń fi ètè àti ẹ̀yìn ahọ́n pè lẹ́ẹ̀kan náà, lè di "p" lásán tàbí "kp" tàbí "qu". Ìgè lè di "Eegay", Àìná lè di "Inah". Fáwẹ̀lì tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ lè já bọ́, tàbí kí akọ̀wé fi "h" kún un níwájú.

Ní Havana, akọ̀wé ará Sípéènì ní ìṣòro tirẹ̀. Lẹ́tà "j" ní èdè tirẹ̀ ń dún bí "h" tí ó le, nítorí náà "y" ni ó máa ń fi kọ "j" tiwa. Títí di òní, "Iyesá" ni àwọn ará Kúbà ń pe Ìjẹ̀ṣà, bẹ́ẹ̀ sì ni "Ochún" ni wọ́n ń kọ Ọ̀ṣun. Ẹ wo ewu tí ó wà níbẹ̀: bí ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Òjó bá dúró níwájú irú akọ̀wé bẹ́ẹ̀, ó lè kọ ọ́ ní "Oyo". Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò sọ pé ará Ọ̀yọ́ ni, yóò sì gbé e lọ sí ìlú tí kò dé rí.

Koelle ní tirẹ̀ fi "ds" dúró fún "j". Ìdí nìyí tí Ìjùmú fi di Dsumu, tí Ìjẹ̀bú di Dsebu. Nítorí náà, kí ẹ tó wá orúkọ, ẹ kọ́kọ́ béèrè pé: ta ni ó kọ ìwé yìí, èdè wo ni ó gbọ́, ẹnu ta ni ó sì ti gbọ́ ọ? Ẹ kọ orúkọ ilé yín ní ọ̀nà mẹ́wàá, kí ẹ sì wá gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá.

Èyí tí ó jọ ọ́, tí kì í ṣe òun

Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ní òru ọjọ́ kẹta, mo rí i. Orúkọ obìnrin kan wà nínú àkójọ náà tí kíkọ rẹ̀ bá orúkọ ẹ̀gbọ́n ìyá àgbà mu. Ọmọdébìnrin ni. Mo dìde lórí àga, mo rìn yí yàrá ká. Mo ti fẹ́ gbé fóònù láti pe Makutu.

Ohun tí ó dá mi dúró ni ìṣirò kékeré kan. Ìyá àgbà wa tí mo lọ kí lọ́jọ́ náà, a bí wọn ní nǹkan bí 1938. Wọ́n bá ìyá bàbá wọn láyé, wọ́n sì ń sùn sí yàrá rẹ̀ nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Kí ìyá yẹn tó lè wà láàyè títí di 1945 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó sì ti jẹ́ ọmọ tí ó lè sá wọ igbó nígbà ogun Tápà, a jẹ́ pé láàárín 1880 sí 1895 ni ogun náà dé bá wọn. Ẹ̀wẹ̀, àkójọ orúkọ tí mo ń wò kò kọjá 1862. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ Freetown kò sì kọjá 1848. Ọmọdébìnrin tí mo rí ti gúnlẹ̀ sí Freetown kí a tó bí ẹni tí mo ń wá.

Bí a kò bá rí àdán, a fi òòbẹ̀ ṣẹbọ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ ìdílé, òòbẹ̀ kì í ṣe àdán. Ọmọ náà ní ìyá tirẹ̀, ó ní ilé tí ó ń wá a. Bí mo bá sọ ọ́ di tiwa nítorí pé orúkọ wọn jọra, mo ti jí ọmọ ọlọ́mọ gbé lẹ́ẹ̀kejì. Mo pa ẹ̀rọ mi dé, mo sì sùn. Ó dùn mí, n kò purọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wé ọ̀ràn tí ẹ̀rí rẹ̀ pé. Wọ́n mú Àjàyí Crowther ní Òṣoógùn ní 1821. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ Myrmidon gbà á sílẹ̀ lójú omi ní oṣù kẹrin 1822. Ní 1837, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà tí ó fi ròyìn bí wọ́n ti mú un àti gbogbo ibi tí wọ́n gbà kọjá. Ní 1846, ó tún fojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ìwé ọkọ̀ wà, lẹ́tà wà, ẹ̀rí ìdílé wà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì bá ara wọn mu. Orúkọ nìkan kò tó. Orúkọ, àkókò àti ọ̀nà ni ó gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu kí a tó lè sọ pé, "Ẹni wa nìyí."

Bí kò bá gba ojú òkun, ọ̀nà wo ni ó gbà?

Nígbà náà ni mo wá rí i pé ìbéèrè ìyá àgbà ti dára ju bí mo ti gbọ́ ọ lọ. Níbo ni wọ́n gbé e lọ? Èmi ni mo ti fi ìwé òyìnbó dáhùn kí n tó fetí sí ìtàn. Ní ìgbà tí wọ́n mú un, òwò ẹrú orí Àtìláńtíìkì ti kú. Ẹrú tí wọ́n mú ní Ìyàgbà ní àwọn ọdún yẹn, ilẹ̀ Tápà ni ó ń lọ. Bídà ń fẹ́ ènìyàn tí yóò ṣiṣẹ́ oko, ó ń fẹ́ ohun tí yóò fi ra ẹṣin àti ohun ìjà, ó sì ń bu ènìyàn lé àwọn ìlú wa bí owó orí ọdọọdún. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n kó ni wọ́n fi sí àwọn abúlé oko yí Bídà ká.

Ní oṣù kìíní 1897, àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company kọ́kọ́ wọ Kàbà, wọ́n sì ṣẹ́gun Bídà kí oṣù náà tó parí. Nígbà tí agbára Bídà ṣẹ́, púpọ̀ nínú àwọn ẹrú fi oko sílẹ̀, wọ́n forí lé ilé. Àwọn kan dé. Àwọn kan ti bímọ síbẹ̀, wọ́n sì jókòó. Kò sí akọ̀wé kan tí ó jókòó lẹ́bàá ọ̀nà tí ó ń kọ orúkọ wọn bí ti Freetown.

Ìwé wo ni ó wá kù? Láti ìgbà tí àwọn òyìnbó ti gba ìjọba, Àríwá Nàìjíríà ni wọ́n ka ilẹ̀ wa mọ́. A wà lábẹ́ Ẹkùn Kàbà, kí a tó wá di ará Kwara, kí wọ́n sì tó dá Kógí sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ 1991. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ Ìyàgbà tí ó bá lọ sí ilé ìkówèésí-pamọ́ ti Ìbàdàn lè pàdánù ọjọ́ rẹ̀: Kàdúná ni ọ̀pọ̀ fáìlì wa wà. Níbẹ̀ ni ìròyìn àwọn ajẹ́lẹ̀ wà nípa ìlú kọ̀ọ̀kan, ìdílé tí ó ń jọba, àti iye owó orí. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kò tí ì sí lórí ayélujára. Ẹsẹ̀ ni a ó fi rìn débẹ̀.

Ìwé ìjọ náà wà. Ní 1908 ni Tommy Titcombe ti ìjọ SIM dé sí Ẹ̀gbẹ̀, láti ibẹ̀ ni iṣẹ́ wọn sì ti tàn ká ilẹ̀ Ìyàgbà. Bí ilé ìwé àti ṣọ́ọ̀ṣì ti ń dé ni orúkọ àwọn ènìyàn ń wọ ìwé ìrìbọmi àti ti ìgbéyàwó. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: kò sí orúkọ ìdílé bí ti òyìnbó láàárín wa tẹ́lẹ̀. Tíṣà ni ó máa ń bi ọmọ pé, "Kí ni orúkọ bàbá rẹ?" Ohun tí ọmọ bá dáhùn ni ó di orúkọ ìdílé títí láé. Nítorí náà ni ọmọ ìyá méjì fi lè jẹ́ orúkọ ìdílé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n" wo ni?

Ìkànnì mìíràn tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ni FamilySearch, ti ìjọ Mormon ní Utah ní Amẹ́ríkà. Ní 2021 ni wọ́n parí iṣẹ́ gbígbé fíìmù tí ó lé ní mílíọ̀nù méjì sórí ẹ̀rọ. Ohun tí ó kàn wá jù ni pé wọ́n ti ń rán àwọn ènìyàn lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà ní ilẹ̀ Áfíríkà, títí kan Nàìjíríà, láti gba ìtàn ìran wọn sílẹ̀ láti ẹnu wọn. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù wọn ń béèrè bàbá kan àti ìyá kan. Ní àárín wa, bàbá ni ẹni tí ó bíni, bàbá ni àbúrò rẹ̀, bàbá ni olórí agbolé. Bí ẹni tí ń gbọ̀rọ̀ sílẹ̀ kò bá béèrè síwájú sí i, igi ìdílé yóò yọ ẹ̀ka tí kò hù rí.

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó mú mi padà sọ́dọ̀ ìyá àgbà. Mo wólẹ̀ níwájú wọn, mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dárí jì mí. N kò rí wọn. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ tún béèrè: ẹ̀gbọ́n tí ẹ wí yìí, ṣé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n?"

Wọ́n wò mí bí ẹni pé mo béèrè ohun tí ọmọdé ń béèrè. "Tani ó sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ? Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ni. Ọ̀dọ̀ wa ni ó ti wá ṣọdún nígbà tí ogun dé."

Ẹ̀yin èèyàn mi, gbogbo oṣù tí mo fi ń wá ọmọ ilé wa, ọmọ ilé wa kọ́ ni. Agbolé mìíràn ni bàbá rẹ̀ ti wá, kò sì jìnnà sí wa. Mo ní dókítà nínú ìmọ̀ èdè, mo sì ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lórí ọ̀rọ̀ ìbátan lọ́dọọdún. Síbẹ̀, mo gbọ́ "ẹ̀gbọ́n", mo sì túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì nínú ọkàn mi láìmọ̀.

A lọ sí agbolé náà. Wọ́n gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀. Àwọn náà ní ìtàn: wọ́n ní obìnrin kan padà wálé lẹ́yìn tí Bídà tú, pẹ̀lú ọmọ kan lẹ́yìn, tí ó ń fi èdè Tápà rẹ ọmọ náà lẹ́kún. Orúkọ tí wọ́n ń pè é kì í ṣe orúkọ tí ilé wa mọ̀. Ó lè jẹ́ pé orúkọ ìnagijẹ ni. Ó sì lè jẹ́ obìnrin mìíràn pátápátá, nítorí kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n kó lọ.

Ìmọ̀ràn fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀

Kí n tó fi yín sílẹ̀, ẹ gba nǹkan díẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Ẹnu àgbà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rọ. Ìwé Freetown kò ní sá lọ, ṣùgbọ́n ẹni àádọ́rùn-ún ọdún kò ní dúró dè yín. Ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ ní ẹ̀ka èdè tí wọ́n ń sọ gan-an, kí ẹ má ṣe yí i padà sí Yorùbá àjùmọ̀lò nígbà tí ẹ bá ń kọ ọ́, nítorí inú ẹ̀ka èdè ni ẹ̀rí máa ń wà.

Ẹ ṣírò ọdún kí ẹ tó gba orúkọ gbọ́. Ẹ béèrè ìbátan dé ìdí: ọmọ ta ni, ìyá wo ni ó bí i, agbolé wo ni?

Bí ẹ bá rí ìwé lórí ayélujára, ẹ gba ẹ̀dà rẹ̀ sọ́wọ́, kí ẹ sì kọ ibi tí ẹ ti rí i sílẹ̀. Ní oṣù kẹwàá 2023, àwọn ọ̀daràn orí ayélujára kọlu British Library, ọ̀pọ̀ àkójọ wọn kò sì ṣeé rí lórí ayélujára fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ohun tí ó wà lórí ayélujára lónìí lè má sí níbẹ̀ lọ́la.

Ní paríparì rẹ̀, ẹ fi àlàfo sílẹ̀ níbi tí ó bá ti yẹ. Nígbà tí a ti agbolé kejì dé, mo ka àwọn ìtàn méjèèjì sí ìyá àgbà létí, mo sì bi wọ́n léèrè bóyá kí n kọ ọ́ pé obìnrin kan náà ni. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, "Kọ tiwa, kọ tiwọn. Má fi irọ́ so wọ́n pọ̀. Bí ó bá jẹ́ òun ni, ẹni tí yóò mọ̀ ọ́n ṣì ń bọ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni mo kọ ọ́. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní irú ìtàn yìí ní ilé rẹ̀, ní Ìyàgbà tàbí ní ọ̀dọ̀ àwọn ará wa ní ilẹ̀ Tápà, kí ó jọ̀wọ́, kí ó kọ tirẹ̀ náà. Òkun o.